Aláìsàn Ọpọlọ Nílé Ìtọ́jú: Ta Ni Ń Dúró Tì Í?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Àwọn kan rò pé ẹ̀gàn ni ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e yẹ̀ wò dáadáa, a ó rí i pé ìyá tí ó bí i ni òwe náà ń bá kẹ́dùn. Èrò ọ̀nà lè dúró kí ó máa rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọlọ́mọ ti ń jó láìsí ìlù. Ìyá ọmọ kò lè rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn tirẹ̀ ni pé: níbo ni n ó gbé ọmọ yìí lọ, ta ni yóò sì bá mi tọ́jú rẹ̀ bí ènìyàn? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin ònkàwé jọ yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé ní Ẹdẹ àti ní gbogbo agbègbè Ọ̀ṣun, bí ó ti ń kan ilẹ̀kùn tálákà náà ni ó ń kan ilẹ̀kùn olówó.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí èdè wa ti pín àìsàn yìí sí ọ̀nà. Àwọn baba wa kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo rẹ̀. Asínwín ni ẹni tí tirẹ̀ dé lójijì, tí ariwo àti ìjà pọ̀ nínú rẹ̀. Wèrè ni èyí tí ó ti pẹ́ lára. Àbísínwín ni ti abiyamọ tí orí rẹ̀ dàrú lẹ́yìn ìbímọ. Wèrè aláṣọ ni ti ẹni tí ó ń wọ aṣọ bí ọmọlúàbí, tí ó ń ná ọjà, tí ó sì ń kí ará àdúgbò, ṣùgbọ́n tí àwọn ará ilé rẹ̀ nìkan mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Dìndìnrìn yàtọ̀ sí gbogbo wọn, wárápá sì yàtọ̀. Àwọn ènìyàn tí ó lè fi orúkọ ya àìsàn sọ́tọ̀ báyìí ti jókòó ti aláìsàn fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì ti wò ó dáadáa.

Ìgbàgbọ́ kan tún wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ láti kékeré, pé bí wèrè bá ti wọ ọjà, kò ṣe é wò sàn mọ́. Àwọn oníṣègùn òde òní kò gba èyí gbọ́, èmi náà kò sì rí ìdí tí ilẹ̀ ọjà yóò fi ní agbára tí oògùn kò ní. Síbẹ̀ mo rò pé ohun kan wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Kí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú tó lè dé àárín ọjà pẹ̀lú àkísà lára àti irun tí ó ti lọ́, ó ti kọjá lójú ìyá, lójú bàbá, lójú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, àti lójú gbogbo aládùúgbò. Gbogbo wọn ni ó jẹ́ kí ó lọ. Ẹni tí ó wọ ọjà ni ẹni tí ẹbí ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí a bá gbọ́ ọ báyìí, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà kò jìnnà sí ohun tí àwọn dókítà pàápàá wá rí lẹ́yìn náà, gẹ́gẹ́ bí n ó ti sọ.

Ẹdẹ jẹ́ ìlú tí ẹ̀sìn mẹ́ta ń gbé pọ̀ nínú agbo ilé kan náà. Ìlú Tìmì ni, ìlú ọdún Ṣàngó, ìlú tí mùsùlùmí pọ̀ nínú rẹ̀, tí ṣọ́ọ̀ṣì náà sì fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Ìgbépọ̀ yìí lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ fi kọ odidi ìwé kan lé e lórí, tí ó jáde ní ọdún 2017. Nítorí náà, bí orí ọmọ ẹnì kan bá dàrú ní Ẹdẹ, kì í ṣe ọ̀nà kan ni ó ṣí sílẹ̀. Ìyá àgbà yóò ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Bàbá yóò ní àáfà kan wà tí ó mọ àdúrà rẹ̀. Àǹtí tí ó ń lọ sí ìjọ Aládùúrà yóò dárúkọ wòlíì. Ọmọ tí ó jẹ́ olùkọ́ yóò sì takú pé ilé ìwòsàn ńlá tí ó wà ní Òṣogbo tàbí ní Ilé-Ifẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọn yóò dé kí ọdún tó yí po, owó yóò sì ti tán. Èmi kò ní dá ìjà yìí lónìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì ju èyí lọ wà, tí a kì í sábà bi ara wa: níbikíbi tí a bá gbé e lọ, ta ni nínú wa ni yóò dúró tì í?

ILÉ ONÍṢÈGÙN

Láyé àtijọ́, ìbéèrè tí oníṣègùn máa ń bi àwọn tí ó gbé aláìsàn wá nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyá kan tí ó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ọmọ mi ni mo gbé wá bá yín o."

"Mo rí i. Ta ni yóò máa dáná fún un?"

"Èmi ni, bàbá."

"Ó dára. Lọ gbé ẹní rẹ wá."

Ẹní tí ìyá náà tẹ́ sílẹ̀ nínú agbo ilé oníṣègùn jẹ́ ara ìtọ́jú. Òun ni ó ń se oúnjẹ tí ọmọ mọ adùn rẹ̀. Òun ni ó ń wẹ̀ ẹ́, tí ó sì ń pe oríkì rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ kò mọ ẹnikẹ́ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sì na ọmọ náà kọjá ààlà, ojú ìyá ni ó ṣe.

Dókítà ọmọ ilẹ̀ Kánádà kan, Raymond Prince, tí ó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta ní ìparí àwọn ọdún 1950, tọ àwọn oníṣègùn wa lọ, ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1964. Kò fi nǹkan pa mọ́. Ó sọ pé wọ́n máa ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tàbí àbà dè ẹni tí ó bá ń jà ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé. Ó sọ pé àgbo tí wọ́n ń fún un mu máa ń mú un sùn gidigidi. Igi tí ó wà nídìí àgbo náà ni asofẹ́yẹjẹ, igi tí ń so èso fún ẹyẹ jẹ gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti wí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì yóò mọ̀ pé mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan tí ó ń hù ní ilẹ̀ Íńdíà ni àwọn onímọ̀ ti yọ oògùn reserpine jáde ní 1952, tí gbogbo ayé fi wo àìsàn ọpọlọ àti ẹ̀jẹ̀ ríru kí àwọn oògùn tuntun tó gbòde. Àwọn baba wa ti ń lo ìyekan rẹ̀ kí òyìnbó tó fi orúkọ tirẹ̀ pè é. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí lọ wa gbòǹgbò rẹ̀ o: ó lè fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ju bó ti yẹ lọ.

Ohun tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú ìwé Prince ni ọjọ́ ìjáde. Nígbà tí ara aláìsàn bá ti balẹ̀, wọn yóò mú un lọ sí odò tí ń ṣàn. Wọn yóò fá orí rẹ̀, wọn yóò fi ẹyẹ ṣe ètùtù fún un, wọn yóò wẹ̀ ẹ́, aṣọ tí ó fi ṣàìsàn yóò sì bá omi lọ. Yóò wọ aṣọ mìíràn, yóò padà sílé. Ẹ̀sìn ẹlòmíràn lè má gba ètùtù yìí láàyè, n kò sì ní kí a padà sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀: gbogbo ilé mọ̀ pé àìsàn náà ní ọjọ́ tí yóò parí, ẹbí sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti gba ẹni wọn padà. Ilé tí kò ní ọjọ́ ìjáde fún aláìsàn, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí ara pátákó rẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ìfẹ́ àṣà bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Pàṣán wà nínú àwọn ilé wọ̀nyí. Ebi tún wà, nítorí àwọn kan gbà pé ààwẹ̀ ń lé ẹ̀mí àìmọ́. Ẹlòmíràn wà nínú àbà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi dégbò. Àṣà tí ó dá ẹní ìyá ni ó dá àbà pẹ̀lú, iṣẹ́ wa sì ni láti yan èyí tí a ó mú dání.

ABÚLÉ ARÓ

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú nǹkan mìíràn wá. Wọ́n ṣí ilé wèrè sí Yábàá ní Èkó ní 1907. Òfin tí ó ń darí ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1916. Ní Abẹ́òkúta, ọgbà ẹ̀wọ̀n Láńtòrò ni wọ́n sọ di ibùgbé àwọn ọmọ ogun tí orí wọn dàrú ní 1944. Ògiri gíga, kọ́kọ́rọ́ àti ẹ̀ṣọ́ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ilé wọ̀nyí. Oògùn kò tó nǹkan, ará ilé kò sì ní àyè nínú wọn.

Ní 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí Aró. Ilé náà kò tíì parí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláìsàn kò lè dúró de birikilà. Ẹlòmíràn ì bá jókòó kọ lẹ́tà sí ìjọba. Lambo tọ àwọn baálẹ̀ àti àwọn àgbẹ̀ abúlé tí ó yí ibẹ̀ ká lọ, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi yàrá háyà fún àwọn aláìsàn. Ó sì fi òfin kan lélẹ̀: aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá. Ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, àbúrò ìyá ni o, ó kéré tán ẹnì kan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó bá a gbé nínú yàrá náà, kí ó máa se oúnjẹ rẹ̀, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn láràárọ̀.

Báyìí ni ó ṣe rí ní Aró. Ní òwúrọ̀, aláìsàn àti ará ilé rẹ̀ yóò rìn lọ gba abẹ́rẹ́ àti oògùn lọ́wọ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì. Ní ọ̀sán, wọn yóò padà sí abúlé. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbà á yóò ṣiṣẹ́ oko, yóò ta ayò lábẹ́ igi, yóò bá wọn jó bí ìlù bá ń dún. Àwọn ọmọ abúlé kò sá fún un, nítorí wọ́n rí i lójoojúmọ́, wọ́n sì mọ orúkọ rẹ̀. Lambo kò sì lé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ dànù. Ó gba àwọn kan nínú wọn sí iṣẹ́. Àwọn abúlé náà jèrè: owó ilé ń wọlé, ilé ìwòsàn bá wọn mú omi tí ó mọ́ wá, ó bá wọn pa ẹ̀fọn, ó sì yá wọn lówó láti tún ilé wọn ṣe. Mo fẹ́ràn apá yìí púpọ̀. Lambo kò bẹ abúlé pé kí ó ṣàánú lófìfo. Ó jẹ́ kí ìtọ́jú aláìsàn di ohun tí abúlé ń jẹ anfààní rẹ̀.

Òkìkí iṣẹ́ yìí kàn. Ní 1961, Abẹ́òkúta ni àwọn dókítà ọpọlọ láti gbogbo Áfíríkà péjọ sí fún àpéjọ irú rẹ̀ àkọ́kọ́. Lambo fi Aró sílẹ̀ lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, Dókítà Tọ́lání Àsúnì sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà Lambo di ọ̀gá àgbà yunifásítì náà, ó sì dé ipò igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva. Ó kú ní 2004.

Kò sì yẹ kí a rò pé ọgbọ́n yìí ṣàjèjì sí àwọn aláwọ̀ funfun. Ìlú kékeré kan wà ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m tí à ń pè ní Geel, tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń gba àwọn aláìsàn ọpọlọ sínú ilé wọn láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ní 1938, aláìsàn tí ó ń gbé pẹ̀lú ẹbí ní Geel lé ní 3,700. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ní Geel, ẹbí àjòjì ni ó ń gba aláìsàn. Ní Aró, ẹbí rẹ̀ gan-an ni ó tẹ̀ lé e wá. Ìyàtọ̀ yìí ni ó sọ Aró di ti Yorùbá.

Ètò abúlé náà kò sí mọ́ bí Lambo ti dá a sílẹ̀, bí ilé ìwòsàn Aró tilẹ̀ wà níbẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ ńlá. Ìlú ti gbòòrò. Àǹtí tí ì bá tẹ̀ lé aláìsàn fún oṣù mẹ́ta ti ń ṣiṣẹ́ oṣù ní ọ́fíìsì, ọ̀gá rẹ̀ kò sì ní fún un láyè.

ṢẸ́KẸ́ṢẸKẸ̀ ÒDE ÒNÍ

Kí ni ó wá gba ipò ẹní ìyá? Láàárín oṣù Kẹjọ ọdún 2018 àti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn òṣìṣẹ́ Human Rights Watch lọ sí ilé ìtọ́jú 28 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti ní Àbújá. Wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, wọ́n lọ sí ilé oníṣègùn ìbílẹ̀, wọ́n lọ sí ti ìjọ Kristi àti ti mùsùlùmí. Wọ́n rí ẹ̀wọ̀n irin lẹ́sẹ̀ ènìyàn, wọ́n rí àwọn tí wọ́n há mọ́ yàrá, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n ń sùn, tí wọ́n sì ń yàgbẹ́ sí ojú kan náà. Ẹni tí ó kéré jù nínú àwọn tí wọ́n rí nínú ẹ̀wọ̀n jẹ́ ọmọ ọdún 10. Ẹni tí ó dàgbà jù jẹ́ ẹni ọdún 86. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019 kan náà, àwọn ọlọ́pàá tú ènìyàn 259 sílẹ̀ ní ilé kan ní Ọjọ́ọ̀, ní Ìbàdàn tí kò jìnnà sí wa.

Nígbà tí ìròyìn wọ̀nyí jáde, gbogbo ènìyàn bú àwọn onílé. Wọ́n yẹ ní bíbú. Ṣùgbọ́n ta ni ó gbé àwọn aláìsàn lọ síbẹ̀? Àwọn ẹbí ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n àti ọkọ ni ó san owó, tí wọ́n yí padà, tí wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù bí ẹni tí ń san owó ilé. Àwọn mìíràn kò tún fi owó ránṣẹ́ mọ́. Èmi kò sọ pé ìkà ni wọ́n. Ó ti rẹ̀ wọ́n, ojú ń tì wọ́n, wọ́n sì ní àwọn ọmọ mìíràn tí yóò fẹ́ ìyàwó, tí wọn kò fẹ́ kí àwọn àna gbọ́ pé wèrè wà ní ìdílé. Bákan náà, oníṣègùn ọpọlọ tí ó wà ní gbogbo Nàìjíríà kò tó 300 nígbà náà, láàárín ènìyàn bíi mílíọ̀nù 200. Ta ni ìyá yóò rí?

Ìwádìí kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣíwájú rẹ̀, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2020, fún mi ní ìrètí díẹ̀. Àwọn aláìsàn 307 tí wọ́n wà ní ilé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ti àwọn olùgbàdúrà ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Gánà ni wọ́n tẹ̀ lé. Ní àwọn ilé kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé ń wá bẹ aláìsàn wò, wọ́n ń fún un ní oògùn, wọ́n sì ń bá onílé sọ̀rọ̀ láìbú u. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn aláìsàn ilé wọ̀nyí balẹ̀ ju ti àwọn ilé yòókù lọ. Dídè àti nínà pẹ̀lú dín kù púpọ̀, ní apá méjèèjì. Ní apá tí nọ́ọ̀sì kò ti ń wá déédéé pàápàá, ó dín kù. Bóyá nítorí pé wọ́n mọ̀ pé ojú ẹlòmíràn ń wò wọ́n ni. Èrò tèmi nìyẹn.

Òfin pàápàá ti yí padà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ tí gbòǹgbò rẹ̀ wà ní 1916. Òfin tuntun náà pe aláìsàn ní ènìyàn tí ó ní ẹ̀tọ́, tí ìtọ́jú tọ́ sí láìsí ìyà. Ṣùgbọ́n òfin kò lè jókòó ti ẹnikẹ́ni lóru.

Nítorí náà, mo fẹ́ bá ẹ̀yin olórí ẹbí ní Ẹdẹ sọ̀rọ̀. Nígbà tí a bá ń ṣe ìnáwó òkú, a mọ bí a ti ń pín iṣẹ́: ọmọ yìí ni yóò ra màlúù, ọmọ yẹn ni yóò gba ilé àlejò, àwọn ìyàwó ilé ni yóò dáná. Kí ló dé tí a kò lè pín ìtọ́jú báyìí? Kì í ṣe dandan kí ìyá tí ó ń ta ẹ̀fọ́ lọ́jà fi oṣù mẹ́ta jókòó níbì kan ṣoṣo, kí ọjà rẹ̀ bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n lè lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, àbúrò lè lọ ní ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀. Ọmọ tí ó wà ní Èkó tí kò lè wá lè san owó fún ẹni tí ó lè wá. Nínú gbogbo ẹbí tí mo mọ̀, ejìká àwọn obìnrin nìkan ni ẹrù yìí ń bọ́ lé, bí ẹni pé bàbá kì í ṣe òbí.

Kí wọ́n tó fi owó sílẹ̀ níbikíbi, kí ẹni tí ó ń gbé aláìsàn lọ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ àwọn tí ó bá níbẹ̀, kí ó wo ibi tí wọ́n ń sùn, kí ó béèrè oúnjẹ tí wọ́n jẹ lánàá lọ́wọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ onílé. Kí ó béèrè orúkọ oògùn àti iye ìgbà tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ń wá. Kí ó béèrè ẹni tí ó jáde kẹ́yìn láti ibẹ̀ àti ọjọ́ tí ó jáde. Lẹ́yìn èyí ni kí ó wá béèrè ibi tí òun yóò tẹ́ ẹní sí. Bí wọ́n bá dá a lóhùn pé àwọn kì í gba ará ilé láàyè, pé kí ó san owó kí ó máa lọ, kí ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, kí wọ́n padà sínú mọ́tò. Òṣogbo kò jìnnà sí Ẹdẹ.